Omi Tí N Kò Kọ Sínú Eré

Mo rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ gbogbo eré tí mo bá kọ, ẹni náà sì ni ìyá mi. Ìlú Ìwó la wà nígbà náà, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kí wọ́n tó kú, èmi àti ìyá mi nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti kúrò lójú fáràńdà, ìyá mi á gbé ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n lé orí àpótí, èmi á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lé itan, mo sì máa ka ohun tí mo kọ láti àárọ̀ sí wọn létí. Gbogbo ẹ̀dá inú eré ni mo máa ń ṣe. Mo máa ń ṣe ọkọ, mo máa ń ṣe ìyàwó, mo máa ń ṣe àlejò tó kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kí wọ́n máa bó ẹ̀gúsí, etí wọn á sì wà lọ́dọ̀ mi.

Wọn kì í yìn mí. Bí ìran kan bá dára, wọ́n á dákẹ́. Bí kò bá dára, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè. Nígbà kan, mo kọ ìran nípa ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé lẹ́yìn ọdún méje. Mo fún ìyá náà ní ọ̀rọ̀ tó kún ojú ìwé kan, òwe mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, omijé sì ń ṣàn. Mo kà á tán, mo gbójú sókè, mo ń retí kí ìyá mi nu ojú. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí dànù.

"Ṣé orí ìyá yẹn pé báyìí?"

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Ọmọ ẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé, ó wá dúró, ó ń pòwe fún un. Ìyá tó bímọ á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun ni."

Inú bí mi. Mo ti ka ìwé jù wọ́n lọ, mo ti wo sinimá jù wọ́n lọ, kí ni ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìwó mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ eré? N kò yí ìran náà padà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ọdún náà, aṣọ mi nìkan ni mò ń wò.

Kí n sọ bí mo ṣe dé Ìwó. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà kí orúnkún ìyá mi tó di ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n lè dá lọ sí ìsọ̀ wọn lọ́jà mọ́. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ́kọ ní Ìbàdàn, ó sì ti bímọ mẹ́ta. Èmi ni n kò ní ìyàwó, n kò ní ọmọ, nítorí náà gbogbo ẹbí wò yíká, ojú wọn sì bọ́ sára mi. Mo kó ẹrù mi wá. Mo sọ fún ara mi pé ìtọ́jú ìyá ló gbé mi wá, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n mo tún ń rò ó pé ní ìlú tí kò sí ẹni tó mọ̀ mí dáadáa, eré ni n ó máa fi gbogbo ọjọ́ kọ, n ó sì di ẹni ńlá. Àwọn aládùúgbò kò mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Wọ́n rí géńdé tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀, wọ́n gbà pé ọmọ yàhúù ni mí. Ohun tí kò yé wọn ni irú ọmọ yàhúù tó ń gun ọ̀kadà kiri.

Áàpù kan wà tí àwa tó ń kọ eré sinimá fi ń ṣiṣẹ́. Ó mọ ibi tí orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹ kó wà, ó mọ ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu ti bẹ̀rẹ̀, á sì to gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé ohun tí o bá kọ sínú rẹ̀, òun nìkan ló lè ṣí i. Bí o bá fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á, àfi kí o yí i padà kí o tó fi ránṣẹ́. O lè yí i sí pídíẹ́fù, èyí tó dà bí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ti fi rọ́bà bò: ojú lè rí i, ọwọ́ kò lè tún un ṣe. O lè yí i sí wọ́ọ̀dù, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gé, tó lè fà gùn, tó lè bà jẹ́ bó bá ṣe wù ú. O sì lè yí i sí ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó ń fẹ́. Dírẹ́tọ̀ kan wà ní Ìbàdàn tó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i jẹ́ irú èyí tó fẹ́. Bí mo bá fi pídíẹ́fù ránṣẹ́, wọ́ọ̀dù ló ń wá. Bí mo bá fi wọ́ọ̀dù ránṣẹ́, á ní fóònù òun kò ṣí i.

Ní Ọjọ́rú kan, ó pè mí ní ọ̀sán. Ó ní òun ń fẹ́ eré tí mo kọ parí ní wọ́ọ̀dù, pé kó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí àwọn tó fẹ́ gbé e jáde máa jókòó lé e lórí lọ́jọ́ kejì. Iná kò sí láti ọjọ́ méjì, bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì ti kú. Mo gbé e sínú báàgì kí n lọ sọ́dọ̀ obìnrin oníkọ̀ǹpútà kan tó wà ní oríta, tó ní jẹnẹrétọ̀. Kí n tó jáde, mo bu omi kún búútà ìyá mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ti kírun Àílà, wọ́n sì ti gbé atẹ ẹ̀wà lé ẹsẹ̀ ní fáràńdà.

"Tètè dé o," ni wọ́n wí. "Iyọ̀ ti tán. Má lọ ra èyí tó dọ̀tí ọjọ́sí yẹn mọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Lọ́dọ̀ obìnrin oníkọ̀ǹpútà, mo yí eré náà sí wọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ sì dàrú. Orúkọ àwọn ẹ̀dá inú eré wọ inú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ọ̀rọ̀ ọkọ bọ́ sẹ́nu ìyàwó. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe, ó tún dàrú. Obìnrin náà wò mí títí, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á yanjú ẹ̀ lọ́hùn-ún." Èmi kẹ̀? Èmi oníṣẹ́ ọnà? Mo jókòó, mo ń fi ọwọ́ to ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn oríta, n kò dìde. Nígbà tí iṣẹ́ náà lọ tán, inú mi dùn. Mo ra iyọ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa pé kò dọ̀tí, mo wá ọ̀kadà.

Ìyá mi wà lórí àga wọn bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, orí wọn fara ti ògiri. Ìdajì ẹ̀wà ni wọ́n ṣà. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé dírẹ́tọ̀ kò ṣí ìwé náà rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí wọ́n kú la sin ìyá mi. Kí wọ́n tó gbé òkú jáde, àlùfáà àdúgbò wa, àgbàlagbà tó mọ̀ wọ́n láti kékeré, bi mí léèrè lójú gbogbo ẹbí. "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣé wọ́n ka kálímà kí wọ́n tó lọ?" Kò sí Mùsùlùmí tí kì í tọrọ pé kí kálímà, ẹ̀rí pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu òun. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ti ògiri, ojú rẹ̀ ti wú, ó gbé e sókè, ó ń wò mí. Bóyá bí kì í bá ṣe ojú yẹn, n bá sọ òótọ́. Mo ní, "Wọ́n kà á. Ọwọ́ mi ni wọ́n dákẹ́ sí." Gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè mí láti Ìbàdàn. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, abọ́ kan náà la ti jẹun dàgbà, nítorí náà n kì í sọ "ẹ" fún un àfi bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́. Á béèrè àlàáfíà mi, á sọ ti àwọn ọmọ. "Tún sọ fún mi," ni yóò wí. "Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?" Èmi òǹkọ̀wé eré á sì bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kálímà nìkan ni. Nígbà tó di oṣù kejì, ìyá mi ti di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n ti ṣàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún tó yípo, atẹ́gùn ti ń fẹ́ sára wọn, ojú wọn ń tàn, òwe méjì sì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Bí mo ṣe ń tún eré kọ ni mò ń tún ikú ìyá mi kọ. Ẹ̀gbọ́n mi á sunkún, á sì máa dúpẹ́ pé Ọlọ́run ṣeun tó jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Ọpẹ́ tí kò tọ́ sí èèyàn, ó máa ń dunni ju èébú lọ.

Ilé náà wá tóbi jù mí lọ. N kò padà sí Ìbàdàn, nítorí mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ẹbí sì ní kò yẹ kí ilé ṣófo. Wọ́n ń fi odídẹrẹ́ ki ìlú Ìwó, ẹyẹ tí kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì lè kọjá kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ọlọ́kadà tó bá ń bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti jókòó sí fáràńdà kí n ka ìran tuntun sókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo dé ibi tí àlejò ti kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn ara mi, ojú tì mí, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé pélébé nìyẹn. Nínú áàpù náà, ààyè wà láti lẹ ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìran, kí òǹkọ̀wé lè kọ ohun tó bá fẹ́ rántí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rí i àfi òun nìkan. Èmi wá ń fi tèmi bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni: "Ìyá, ṣé ọkọ lè sọ báyìí?" Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tán. "Ìyá, igi máńgò ẹ̀yìnkùlé ti so, n kò rí ẹni bá jẹ ẹ́." "Ìyá, ẹnikẹ́ni kò pè mí lónìí." Bí mo bá yí eré sí pídíẹ́fù, àwọn ìwé pélébé náà kì í bá a lọ. Ó ti mọ́ mi lára pé inú áàpù ni wọ́n ń gbé, bí òkú ṣe ń gbé inú sàréè, pé wọn kò lè jáde.

Ní ọdún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ eré kan tó jẹ́ ti ara mi, nípa ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ní ìlú kan bí Ìwó. Ikú tí mo ti ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ sí ìparí rẹ̀, odindi, òwe kan kò yẹ̀. Ó dára débi pé mo sunkún bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo lẹ ìwé pélébé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì kọ síbẹ̀ pé:

"Ìyá, irọ́ ni. N kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin oníkọ̀ǹpútà ni mo wà, mò ń to ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé, ìdajì ẹ̀wà lẹ ṣà, búútà yín ti ṣófo, ilẹ̀ tutù níbi ẹsẹ̀ yín. Iyọ̀ tí ẹ ní kí n rà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ní kí n tètè dé, n kò tètè dé. N kò mọ̀ bóyá ẹ pè mí. Ẹ forí jì mí."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti kọ ìyá wa sínú eré. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n fi ránṣẹ́ kíá. Mo fi pídíẹ́fù ránṣẹ́. Ó pè mí padà, ó ní lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lórí fóònù òun, pé bí òun bá fẹ̀ ẹ́, ìdajì rẹ̀ á sá lọ, àfi kí òun máa fi ìka wọ́ ọ kiri. "Yí i sí èyí tí ojú mi á lè kà jàre." Mo rẹ́rìn-ín. Mo yí i sí wọ́ọ̀dù. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dàrú rárá, orúkọ dúró sí àyè orúkọ, ọ̀rọ̀ sí àyè ọ̀rọ̀. Mo fi ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀, mo jókòó, mo ń retí ìyìn.

Mo rí i lórí fóònù mi pé àmì méjèèjì ti di búlúù, ó ti ṣí i. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò pè. Mo ní bóyá ara ọmọ kan kò yá. Mo pè é, kò gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà náà ni ọkàn mi sọ fún mi pé kí n ṣí ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo ṣí wọ́ọ̀dù náà, mo sì rí gbogbo wọn, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé láti òkè délẹ̀, máńgò, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè, gbogbo rẹ̀. Pídíẹ́fù ló máa ń fi wọ́n sílẹ̀ sílé. Wọ́ọ̀dù kó wọn dání. N kò tíì lẹ ìwé pélébé kankan lọ́jọ́ tí mo wà lọ́dọ̀ obìnrin oníkọ̀ǹpútà, báwo ni n bá ṣe mọ̀? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ tó ọdún mẹ́ta, èmi fúnra mi ni mo sì fi òtítọ́ ránṣẹ́.

Àwọn ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìpè ọjọ́ Jímọ̀ ni òpó tó gbé gbogbo ọ̀sẹ̀ mi ró. N kò kọ nǹkan kan. Mo máa ń se oúnjẹ, n kì í jẹ ẹ́ tán. Mo máa ń gbé fóònù sí orí àga ìyá mi ní fáràńdà, nítorí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára jù, bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi, mo sì máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi ti lọ, mo tún ti fi ọwọ́ ara mi lé ẹni kan ṣoṣo tó kù fún mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀ kalẹ̀. Ó mú ọ̀rá kan dání, mo rí ìwé nínú rẹ̀. Ó ti lọ ní kí wọ́n tẹ eré náà sórí ìwé, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

"Ìgbà wo ni mo di 'ẹ' lẹ́nu ẹ?"

"Láti ìgbà tí mo ti ṣẹ̀ yín."

Kò ní kí n dìde. Ó jókòó sórí àga ìyá wa, ó gbé ìwé náà lé ẹsẹ̀. "O fi ìyá mi ṣe eré," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń pè ẹ́, o sì ń fi ìyá mi ṣe eré fún mi. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo ti sọ ọ́ ní àsàlátù, àwọn obìnrin bá mi sunkún." Mo ń wo ilẹ̀.

Ó sunkún díẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú, ó wá ṣí ìwé náà sí ibi tó ti ká etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dìde. Búútà tí o kọ síbí, níbo ló wà?"

Mo fi ibẹ̀ hàn án, ní apá ọ̀tún àga.

"Ó ṣófo lóòótọ́?"

"Ó ṣófo."

"Ta ló bu omi sí i?"

"Èmi ni. Mo bu ú kún kí n tó jáde."

"Nígbà tó ò ń jáde, wọ́n ti kírun Àílà?"

"Wọ́n ti kí i."

Ó gbé ọwọ́ lé ìwé náà. Ó wo ilẹ̀ tó wà níwájú àga, ilẹ̀ gbígbẹ tí ó ti là díẹ̀ ní ìgun, ó wò ó pẹ́ títí. "Ilẹ̀ tutù níbi ẹsẹ̀ wọn," ló kà jáde. "Wọ́n ti ṣe àlùwàlá. Alásárì ni wọ́n ń dúró dè, wọ́n wá ń ṣa ẹ̀wà kí wọ́n tó pe ìrun." Ó gbójú sókè. "Ọdún méjì lo ti ń sọ kálímà fún mi. O ò sọ omi fún mi rí."

Mo dúró bí òpè. Ojú mi ló rí ilẹ̀ tútù náà, ọwọ́ mi ló kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ n kò rí i. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni mo rò pé mò ń kà sílẹ̀ fún ìyá mi, ẹ̀wà tí kò tán, búútà tó ṣófo, bí ẹlẹ́bi ṣe ń ka ẹ̀bi rẹ̀. N kò ronú pé omi náà ní ibi tó lọ.

"A ò mọ̀ bóyá wọ́n ka kálímà," ni mo wí.

"A ò mọ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú…" Kò parí òwe náà. Ó tún wo ìwé, mo sì rí i pé ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ni wọ́n sọ gan-an, nígbà tó ò ń lọ?"

"Wọ́n ní kí n tètè dé. Wọ́n ní iyọ̀ ti tán, kí n má ra èyí tó dọ̀tí."

Ẹ̀rín pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi bá a níbẹ̀. "Ìyá mi nìyí," ló wí. "Èyí tó ò ń sọ lórí fóònù yẹn, tó ń pòwe lójú ikú, mo kàn ń dúpẹ́ ni, mi ò mọ obìnrin yẹn rí."

Ó béèrè iyọ̀ náà. Ó wà lẹ́yìn ìkòkò ní ilé ìdáná, n kò ṣí i rí. Iyọ̀ mìíràn ni mo ń rà. Ó ti le bí òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ, ó gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tí wọ́n pe Alásárì, ó ṣe àlùwàlá níwájú àga náà, ilẹ̀ tutù, ó lọ kírun nínú yàrá ìyá wa. A jẹ ẹ̀wà náà. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, a kò sọ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, èmi nìkan sì kù.

Mo yọ ikú aláràbarà yẹn kúrò nínú eré mi. Ìlà méjì ni mo fi rọ́pò rẹ̀: ìyá ní kí ọmọ tètè dé, ìyá ní kó ra iyọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìran fáràńdà, àga, àti ilẹ̀ tútù, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Mo fi ránṣẹ́ sí dírẹ́tọ̀. Ó ní pídíẹ́fù kò wúlò, kí n yí i sí wọ́ọ̀dù, mo sì yí i. Ó ní kò sí ìyá tó máa kú nínú eré láìṣàdúrà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdúrà gígùn síbẹ̀. Bí ẹ bá wo eré náà lónìí, ẹ ó rí obìnrin arẹwà kan tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú tó sì ń pòwe. N kò bá a jà. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ṣì wà nínú ilé náà. Irun ti ń funfun ní ẹ̀gbẹ́ etí mi, àwọn aládùúgbò sì ti gbà níkẹyìn pé n kì í ṣe ọmọ yàhúù, nítorí kò sí èyí tó máa jẹ́ tálákà pẹ́ tó báyìí. Mo ṣì ń lẹ ìwé pélébé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìran. Bí mo bá fẹ́ yí eré padà, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí bóyá wọn yóò bá a lọ, ọwọ́ mi sì máa ń dúró díẹ̀ lórí rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí ìpè ọjọ́ Jímọ̀. Kò bi mí léèrè ikú ìyá wa mọ́. Kí ó tó béèrè àlàáfíà mi, kí ó tó sọ ti àwọn ọmọ, á kọ́kọ́ ní, "Ṣé o ti jẹun?" Èmi á dá a lóhùn pé mo ti jẹun. Lọ́jọ́ mìíràn, òótọ́ ni.